Sọ́jà Tó Sá Lọ, Kóòtù Wo Ló Ni Ẹjọ́ Rẹ̀? Ohun Tí Òfin Ìgbà Amúnisìn Fi Sílẹ̀ Fún Wa

Bí ìròyìn bá ti jáde pé àwọn sọ́jà kan kúrò lójú ogun láìgbàyè, ariwo méjì ló máa ń gba orí ẹ̀rọ ayélujára. Àwọn kan á ní kí wọ́n yìnbọn pa wọ́n, pé bí òfin ṣe wí nìyẹn. Àwọn kan á ní kí lọ́yà gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ gíga, kí adájọ́ tú wọn sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni tó pa iṣẹ́ jẹ, ẹni tó sá, ẹni tó dìtẹ̀ àti ẹni tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ á ti di ọ̀kan náà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ní oṣù Keje ọdún 2020, nígbà tó hàn síta pé sọ́jà tó lé ní 350 kọ̀wé pé àwọn fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ọkàn àwọn kò sí nínú rẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ ló ń pariwo pé wọ́n sá. Wọn kò sá. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n tọrọ àyè, wọ́n sì ń retí èsì.

Ìyàtọ̀ yẹn ló ń sọ bóyá èèyàn á lọ gba owó ìfẹ̀yìntì tàbí á lọ ṣẹ̀wọ̀n. Òun náà ló ń sọ kóòtù tó máa jókòó lé e lórí. Gbòǹgbò rẹ̀ sì jìn: ó kọjá ìwé òfin ọdún 1999, ó kọjá òmìnira ọdún 1960, ó dé Èkó ayé Gólóbà, òyìnbó tó ṣàkóso Èkó fún Gẹ̀ẹ́sì.

Kí ló ya sísá lọ sọ́tọ̀ kúrò lára pípa iṣẹ́ jẹ?

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Sọ́jà kan gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó wọ mọ́tò láti Maiduguri wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ pé, kò padà. Ara ọmọ rẹ̀ kò yá, owó ọkọ̀ ti tán, ojoojúmọ́ ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé ó di ọ̀la. Lójú òfin ológun, ó ti ṣẹ̀, ó ti pa iṣẹ́ jẹ láìgbàyè. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì lè sọ pé ó sá. Kí ẹ̀sùn sísá tó lè dúró, àfi kí wọ́n fi hàn pé ó ti ní i lọ́kàn láti má padà mọ́, tàbí pé ó yẹra kí wọ́n má baà rán an lọ sójú ogun.

Ta ló lè la inú ẹlòmíì wò? Ìṣe ọwọ́ rẹ̀ ni kóòtù máa ń wò. Ṣé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà nínú báàgì tó tì bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀, àbí ó ti tà á? Ṣé ó ń gbé fóònù bí ọ̀gá rẹ̀ bá pè é, àbí ó ti pààrọ̀ nọ́ńbà? Ṣé ó ti lọ gba iṣẹ́ gáàdì sí Ìbàdàn pẹ̀lú orúkọ mìíràn? Iye ọjọ́ tí kò fi sí níbi iṣẹ́ nìkan kò tó láti dá a lẹ́bi. Ẹni tó pẹ́ tó oṣù mẹ́ta lè jẹ́ apaṣẹ́jẹ lásán, ẹni tí wọ́n sì mú lọ́jọ́ kejì ní ibodè Sẹ̀mẹ̀, tó ti gbé aṣọ iṣẹ́ jù síbì kan, lè jẹ́ ẹni tó sá.

Ìdìtẹ̀ tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Sọ́jà tó dìtẹ̀ lè má kúrò nínú bárékè rárá. Ohun tó sọ ọ́ di ìdìtẹ̀ ni pé òun àti ẹlòmíì jọ fohùn ṣọ̀kan pé àwọn kò ní gba àṣẹ. Òfin ní ó gbọ́dọ̀ tó ẹni méjì. Ẹnì kan lè dá sá, ṣùgbọ́n ẹnì kan kì í dá dìtẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní agbára ìgbẹ́jọ́?

Agbára ìgbẹ́jọ́ ni ẹ̀tọ́ tí kóòtù ní láti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, lórí ẹnì kan, ní ibì kan. Ẹjọ́ tí gbogbo lọ́yà ní Nàìjíríà máa ń tọ́ka sí ni ti Madukolu àti Nkemdilim ní ọdún 1962. Níbẹ̀ ni ilé ẹjọ́ ti sọ ọ́ pé àwọn tó jókòó gbọ́dọ̀ pé iye tí òfin wí, kí wọ́n sì jẹ́ irú ẹni tí òfin fẹ́. Pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbọ́ gbọ́dọ̀ wà lára èyí tí òfin gbé lé wọn lọ́wọ́. Pé ẹjọ́ náà sì gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà tó tọ́ dé iwájú wọn. Bí ọ̀kan bá yingin nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdájọ́ náà, bó ti wù kó dára tó, omi inú agbọ̀n ni.

Ìdí nìyí tí lọ́yà sọ́jà kì í fi í kọ́kọ́ sọ pé oníbàárà òun kò jẹ̀bi. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi kóòtù ni pé: ta ló fi yín jókòó síbí?

Àwọn wo ni Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fi ṣe sọ́jà ní Èkó?

Àwọn tó sá ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ apá yìí nínú ìtàn náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú tọwọ́ bọ ìwé tó gbé Èkó fún Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun lójú omi. Ní ọdún 1863, John Hawley Glover, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọkùnrin tó ń sọ èdè Hausa jọ. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tó sá lọ́dọ̀ olówó wọn ní òkè ilẹ̀. Gólóbà fún wọn ní aṣọ, ìbọn àti owó oṣù. Ẹgbẹ́ náà ni Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ń ka ìtàn rẹ̀ láti orí rẹ̀ títí dòní.

Ní Abẹ́òkúta, inú àwọn tó lẹ́rú kò dùn rárá. Lójú tiwọn, olè ni Èkó ń jà: ẹrú ẹni sá, aládùúgbò gbà á sílé, ó tún gbé ìbọn lé e lọ́wọ́. Lójú Èkó, òfin Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ẹrú mọ́, ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ wọn ti di òmìnira. Ọkùnrin kan náà ni. Ní kóòtù olówó rẹ̀, ìsáǹsá ni. Ní kóòtù Èkó, ọmọ ogun Ọbabìnrin ni. Ìlú tó bá bá ara rẹ̀ ló ń sọ orúkọ tó ń jẹ́. Ọjọ́ tó sì wọ aṣọ ogun yẹn, sísá tó gbé e dé ibẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ dá mọ́.

Yorùbá ní òfin tirẹ̀ lórí ẹni tó ṣojo lójú ogun kí òyìnbó tó dé. Ìtàn Ọ̀yọ́ sọ pé bí wọ́n bá rán Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò lógun, láàárín oṣù mẹ́ta ó ní láti ṣẹ́gun tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé. Ẹni tí kò bá lè kú máa ń gba ìlú mìíràn lọ. Ọba àti àwọn ìjòyè ló ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹjọ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ wọn ló kàn.

Báwo ni ẹjọ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọba?

Ìlú tí wọ́n gbà ni Èkó, nítorí náà òfin Gẹ̀ẹ́sì wọ ibẹ̀ láì fi bẹ́ẹ̀ sí àríyànjiyàn. Òkè ilẹ̀ ló ṣòro. Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Iléṣà, gbogbo wọn ló ní ọba àti ìgbìmọ̀ tiwọn, Gẹ̀ẹ́sì kò sì tíì lè sọ pé òun ló ni wọ́n. Ní ọdún 1890, ilé aṣòfin wọn ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe òfin kan lórí ìgbẹ́jọ́ nílẹ̀ òkèèrè. Ohun tó wí ni pé agbára yòówù tí Ọbabìnrin bá ní ní ilẹ̀ àjèjì, ì báà jẹ́ nípa àdéhùn tàbí nípa àṣà, ó lè lò ó gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ó fi ogun gba ilẹ̀ náà tàbí pé wọ́n fà á lé e lọ́wọ́. Ẹ tún un kà dáadáa. Ìwé àdéhùn kan ṣoṣo ti tó láti ṣe iṣẹ́ tí ogun ń ṣe.

Àwọn ìwé àdéhùn náà dé ní 1893, nígbà tí Gómìnà Carter rìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀gbá tọwọ́ bọ̀ ọ́ ní oṣù Kìíní, Ọ̀yọ́ ní oṣù Kejì, Ìbàdàn ní oṣù Kẹjọ. Èyí tí Ẹ̀gbá gbà ṣèlérí pé òmìnira wọn ò ní yẹ̀.

Ọ̀yọ́ ló kọ́kọ́ rí ohun tí ìlérí lè dà. Ní 1895, wọ́n fẹ̀sùn kan ọkùnrin kan pé ó bá ìyàwó Asẹ́yìn lò pọ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ìyà tí òfin ààfin mọ̀ fún irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Captain Bower, ajẹ́lẹ̀ tó jókòó sí Ìbàdàn, ní ìwà ìkà ni, ó sì fẹ́ kí àwọn tó ṣe é wá jẹ́jọ́ lọ́dọ̀ òun. Aláàfin Adéyẹmí Kìíní rí i pé bí òun bá gbà, a jẹ́ pé òun kọ́ ni adájọ́ ilẹ̀ òun mọ́. Ní oṣù Kọkànlá, Bower kó àwọn sọ́jà lọ sí Ọ̀yọ́, wọ́n sì rọ̀jò ìbọn ńlá lé ìlú lórí. Ilé jóná, èèyàn kú. Ìyà tí wọ́n fi jẹ ọkùnrin yẹn burú, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò burú. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń jà sí gan-an ni ta ni adájọ́.

Nígbà tó di 1904, ìwé ni wọ́n tún lò. Ẹ̀gbá, Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Iléṣà gba àdéhùn pé bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú, tàbí tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpànìyàn, ọwọ́ kóòtù ìjọba Èkó ló ń lọ. Lójú aláìmọ̀, ìwọ̀nba ẹjọ́ ni. Ẹ wá wo irú ìlú tí Abẹ́òkúta jẹ́ nígbà náà: ọ̀nà reluwé ti dé, oníṣòwò òyìnbó àti ará Èkó kún inú ọjà. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí owó wà nínú rẹ̀ ló ní àjèjì nínú.

Ó ku díẹ̀ kí òmìnira Ẹ̀gbá tán. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914, àgbàlagbà ará Ìjẹ̀mọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Pọ́nládé kú sí àtìmọ́lé. Ìjẹ̀mọ̀ dìde, ìjọba Ẹ̀gbá ránṣẹ́ pe sọ́jà, àwọn sọ́jà sì yìnbọn lu èrò. Olúwo Ìjẹ̀mọ̀ wà lára àwọn tó kú. Kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, Ẹ̀gbá ti tọwọ́ bọ ìwé tó fòpin sí òmìnira tí wọ́n ṣèlérí fún wọn ní 1893.

Ọdún kan náà ni Lugard da Àríwá àti Gúúsù pọ̀, tó sì gbé òfin kóòtù tuntun jáde. Kóòtù Gíga Èkó, tó ní adájọ́ tó kàwé òfin àti lọ́yà, kò kọjá Èkó àti ìwọ̀nba àwọn ìlú mélòó kan mọ́. Fún àwọn tó kù, kóòtù ẹkùn ló wà, ajẹ́lẹ̀ ló ń ṣe adájọ́ níbẹ̀, lọ́yà kò sì gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Ọwọ́ gómìnà ni ìdájọ́ ńlá ti ń gba òǹtẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó jà sí i títí, ọdún 1933 ni wọ́n tó pa á rẹ́. Kóòtù ìbílẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí ló sì ń jókòó níbẹ̀. Ní 1916, Òkèhò àti Ìsẹ́yìn dìde sí ètò tuntun yìí, wọ́n pa ọba Òkèhò, ìjọba sì fi sọ́jà dá wọn padà. Ní 1918, Ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá lórí owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe, wọ́n hú ojú irin, wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀. Àwọn sọ́jà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà bọ̀ ni wọ́n kó tì wọ́n.

Ẹ fi ìrísí kóòtù ẹkùn yẹn sọ́kàn: ọ̀gá tó ń ṣèjọba ló ń dájọ́, lọ́yà kò sí, ọ̀gá tó ga jù ú lọ ló ń fọwọ́ sí i.

Òfin tó de sọ́jà fúnra rẹ̀, ibo ló ti wá?

Ó wá láti inú ìjà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1689, William Kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí ìtẹ́. Ó ní kí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Scotland kan tó wà ní Ipswich máa lọ sí Netherlands. Wọ́n ní àwọn kò lọ, wọ́n kọjú sí ọ̀nà ilé. Ilé aṣòfin sáré ṣe òfin ìdìtẹ̀ àkọ́kọ́, tó fún kóòtù ológun lágbára láti dá ẹni tó dìtẹ̀ tàbí tó sá lẹ́bi ikú. Wọ́n bẹ̀rù agbára yẹn fúnra wọn, nítorí náà ọdọọdún ni wọ́n ní láti tún un fọwọ́ sí.

Òfin ọmọ ogun ọdún 1881 ló rọ́pò rẹ̀, òun sì ni bàbá èyí tí à ń lò. Ó ní ẹni tó bá sá lẹ́nu iṣẹ́ ogun, tàbí lẹ́yìn tí wọ́n ti pàṣẹ pé kó lọ sójú ogun, ikú lè jẹ́ ìyà rẹ̀. Bó bá jẹ́ nígbà àlàáfíà, ẹ̀wọ̀n ni. Ó tún ní òfin tí ilẹ̀ amúnisìn kan bá ṣe fún àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ lè tẹ̀ lé wọn dé ibi yòówù tí wọ́n bá lọ, kódà kọjá ààlà ilẹ̀ náà. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ẹjọ́ sọ́jà ń bá a rìn bí òjìji. Ọmọ Ìbàdàn tó ṣẹ̀ ní Burma ní 1944 kò lè ní òfin Burma ló de òun.

Lábẹ́ irú òfin yìí ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ láti 1897, pẹ̀lú Lugard ní olórí. Ohun kan wà tí kò bára dé. Ọdún 1881 yẹn gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí nínà ọmọ ogun tiwọn lẹ́gba. Ẹgba kò kúrò lára sọ́jà Áfíríkà títí wọ́n fi ja Ogun Àgbáyé Kejì. Òfin kan náà, aṣọ kan náà, ẹ̀yìn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, kóòtù ológun Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n yìnbọn pa ọmọ ogun 346, wọ́n sì pa wọ́n. Nínú wọn, 266 ló jẹ́ nítorí sísá. Àwọn kan kò lè sùn mọ́, àwọn kan ń gbọ̀n, ìró ìbọn ńlá ti da orí wọn rú, àwọn ọ̀gá pè é ní ojo. Ní 1930, ilé aṣòfin yọ ikú kúrò lára ìyà sísá. Ní 2006, wọ́n dárí ji 306 nínú àwọn tí wọ́n pa.

Nàìjíríà ṣe òfin ọmọ ogun tirẹ̀ ní 1960, orí ìpìlẹ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì kọ́ ọ lé. Ní 1993, ìjọba ológun fi àṣẹ kan ṣoṣo, nọ́ńbà 105, rọ́pò àwọn òfin ọmọ ogun ilẹ̀, ti omi àti ti òfuurufú. Òun ló di òfin tó wà lónìí.

Lọ́wọ́ Faransé ńkọ́?

Àdéhùn ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1889 ti Kétu, ìlú Yorùbá tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, sí apá Faransé, ó fi Ìmẹ̀kọ sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìyá kan náà wá wà lábẹ́ òfin méjì. Lọ́wọ́ Faransé, ọ̀gá àdúgbò lè ju èèyàn sẹ́wọ̀n tàbí kó bu owó ìtanràn lé e láìsí kóòtù rárá. Ọdún 1946 ni ètò yẹn tó kásẹ̀ nílẹ̀. Láti 1912 ni Faransé ti ní àṣẹ tó fi lè mú àwọn ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́ ogun ní tipátipá, nígbà tí ogun 1914 sì bẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn lọ́pọ̀ yanturu.

Àwọn Ọ̀họ̀rí, Yorùbá tó ń gbé ilẹ̀ àbàtà lápá Pobẹ̀, gbé ìbọn. Ọ̀pọ̀ ará Kétu kò jà. Wọ́n di ẹrù, wọ́n sọdá sí apá Nàìjíríà lọ́dọ̀ ìbátan wọn, àwọn mìíràn kò sì padà mọ́. Òfin Faransé ya ẹni tí wọ́n pè tí kò jẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ti wọ aṣọ kó tó sá. Fún ìyá tó ń di gààrí fún ọmọ rẹ̀ lóru, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹ̀yìn ààlà yẹn, wọn kò lè pe ọmọ òun lẹ́jọ́.

Ṣé kóòtù ìgboro lè dá sí ẹjọ́ sọ́jà lónìí?

Ó lè dá sí i, ṣùgbọ́n kò lè gbà á ṣe. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn sísá kan sọ́jà, kóòtù ológun ló ń gbọ́ ọ. Ọ̀gá tó láṣẹ ló ń pè é jọ. Èyí tó tóbi ní alága àti ọmọ ìgbìmọ̀ tí kò gbọ́dọ̀ dín ní mẹ́rin, èyí tó kéré ní alága àti ọmọ ìgbìmọ̀ tí kò gbọ́dọ̀ dín ní méjì. Ológun ni wọ́n, kì í ṣe adájọ́, àmọ́ amòfin ológun kan ń jókòó tì wọ́n láti là wọ́n lọ́yẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lè gba lọ́yà. Ìdájọ́ wọn kò tíì múlẹ̀ àfi bí ọ̀gá tí òfin gbé e lé lọ́wọ́ bá fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn náà ni ìgboro tó wọlé. Ìwé òfin 1999 dárúkọ kóòtù ológun lára àwọn tí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lè yẹ ìdájọ́ wọn wò, láti ibẹ̀ a sì lè dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Bí wọ́n bá ti sọ́jà mọ́lé fún ìgbà pípẹ́ láìgbé e dé iwájú kóòtù kankan, ó tún lè lọ bá ilé ẹjọ́ gíga lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà wà níbẹ̀. Òfin 1881 sọ pé ẹni tó ti fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀, oṣù mẹ́ta péré ni kóòtù ológun ní láti fi gbé e. Òfin wa ṣì ń lo oṣù mẹ́ta yẹn, lọ́yà sì máa ń rọ̀ mọ́ ọn gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹni tó sá lójú ogun kò sí lára àwọn tí ọjọ́ ń gbà sílẹ̀. Ó ti sá, nítorí náà wọn kò tíì tú u sílẹ̀. Nítorí wọn kò tíì tú u sílẹ̀, sọ́jà ni títí dòní. Ẹni ọdún 25 tó sá lè di ẹni 50 kí ẹ̀sùn náà tó kàn án lára.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní 2014, kí ni wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lé lórí?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, kóòtù ológun dá sọ́jà 12 lẹ́bi ikú nítorí pé wọ́n yìnbọn sí ọkọ̀ ọ̀gá wọn ní bárékè Maimalari ní Maiduguri. Ní oṣù Kejìlá, wọ́n dá 54 mìíràn lẹ́bi ikú ní Àbújá, wọ́n sì tú márùn-ún sílẹ̀. Àwọn 54 yìí ni wọ́n ní wọ́n kọ̀ láti lọ gba Delwa, Bulabulin àti Damboa padà lọ́wọ́ Boko Haram. Títí dòní ni àwọn èèyàn ń sọ pé wọ́n sá. Ìdìtẹ̀ ni ẹ̀sùn wọn. Lọ́yà wọn, Femi Falana, sọ pé wọn kò ní ohun ìjà tó tó, pé ìbọn ni wọ́n ń bèèrè. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, iléeṣẹ́ ọmọ ogun sọ ìyà ikú àwọn 66 náà di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Àwọn ológun ní tiwọn sọ pé ogun kì í dúró de kóòtù. Bí ẹnì kan bá kúrò nínú kòtò lóru, àwọn mẹ́sàn-án tó kù lè kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó ti wà nínú irú kòtò bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó dá a lẹ́jọ́, kó sì yá. Wọ́n tún ní sọ́jà búra, kò sẹ́ni tó fipá mú un.

Àwọn amòfin tó ń ta kò wọ́n ń tọ́ka sí ọwọ́ kan náà tó wà níbi gbogbo: ọ̀gá ló fẹ̀sùn kàn, ọ̀gá ló yan àwọn tó jókòó, ọ̀gá ló fọwọ́ sí ìdájọ́. Bí ẹ̀sùn bá wá jẹ́ pé sọ́jà kọ̀ láti lọ nítorí pé kò sí ọta, ṣé ẹni tó yẹ kó pèsè ọta kò ti di ara ẹjọ́? Ìbéèrè yìí wúwo gan-an lójú tèmi, nítorí pé ìrísí kóòtù ẹkùn ọdún 1914 ló ń yọjú níbẹ̀. Àwọn kan tún wà tó ní ikú ni kí wọ́n yọ kúrò, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe yọ ọ́ ní 1930, kí wọ́n sì máa yẹ ọpọlọ sọ́jà wò kí wọ́n tó pè é ní ojo.

Ṣé ọ̀rọ̀ yìí lè kan ẹni tí kì í ṣe sọ́jà?

Ní Uganda, ó kàn wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n mú Kizza Besigye, olóṣèlú alátakò, ní Nairobi ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, wọ́n sì gbé e lọ síwájú kóòtù ológun ní Kampala. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ níbẹ̀ sọ pé kóòtù ológun kò lágbára lórí aráàlú, ẹjọ́ rẹ̀ sì padà sí kóòtù ìgboro. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ilé aṣòfin ti ṣe òfin tuntun tó tún ilẹ̀kùn náà ṣí.

Ní Nàìjíríà, ọ̀nà tó gbà kan aráàlú yàtọ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n mú wọ Gúúsù ní 1916 sọ pé ẹni tó bá rọ sọ́jà láti sá, ẹni tó bá ràn án lọ́wọ́, tàbí ẹni tó bá ní ìdí láti gbà pé ó sá tó sì fi í pamọ́, ti ṣẹ̀. Kóòtù ìgboro ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí yàrá yẹn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn lóru, ọmọ á lọ sí bárékè, níbi tí àwọn ọ̀gá ológun á ti bi í bóyá ó ní i lọ́kàn láti padà. Ìyá á lọ sí kóòtù májísíréètì, níbi tí wọ́n á ti bi í bóyá ó mọ̀ pé kò ní padà. Báàgì abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n máa gbé jáde ní ẹ̀rí ní kóòtù méjèèjì.